Orin òjò, eré òṣùpá, ijó ọyẹ́: bí ẹ ṣe lè fi kọ́ àwọn ọmọ, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún wọn

Ní oṣù kejìlá ọdún kan, mo tẹ orin ọyẹ́ fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé. Ìwé ti jáde tán kí n tó rí i pé mi ò fi àmì ohùn kankan sí i. Mo ní kò burú, ṣebí Yorùbá ni gbogbo wa. Ìlà kan wà nínú orin náà tó ní kí á fi òrí pa ẹsẹ̀ tí ọyẹ́ ti sọ di funfun. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú wo ìwé títí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń fi orí nu orúnkún. Kí n tó lanu, gbogbo kíláàsì ti ń forí kan ẹsẹ̀. Mi ò lè bá a wí. Ohun tí ìwé sọ fún un ló ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ bá òbí àti tíṣà sọ kò ju èyí lọ: orin ọmọdé wa ṣeé tẹ̀ sórí ìwé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí àmì ohùn tẹ̀ lé e, kí ìwé ṣe ìkẹta. Bí ẹ bá yí i po, ẹ ó máa forí pa ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ jẹ́ kí ojú ọjọ́ yan orin

Eré ọmọdé ní àsìkò bí èso ṣe ní àsìkò. Kò sẹ́ni tó ń wá àgbálùmọ̀ ní oṣù kẹjọ. Ní ìhà tiwa ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó máa ń le ní oṣù kẹfà àti ìkeje, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Tó bá di oṣù kọkànlá, ilẹ̀ ti ń gbẹ. Láàárín oṣù kejìlá sí ìkejì, ọyẹ́ á gba àríwá wọlé pẹ̀lú eruku Sàhárà.

Ẹ mú fáìlì kan, ẹ pín in sí mẹ́rin. Apá kìíní fún àkọ́rọ̀ òjò, ìgbà tí ẹ̀sunsun ń jáde tí àwọn ọmọ ń gbé abọ́ omi sábẹ́ iná láti kó wọn. Apá kejì fún òjò ńlá, tí eré kò lè jáde kúrò nínú ilé. Apá kẹta fún ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà òṣùpá àti agbo eré. Apá kẹrin fún ọyẹ́, orin tó ń mú ara gbóná láàárọ̀. Orin kan tàbí méjì nínú apá kọ̀ọ̀kan ti tó fún ọdún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kó ogún orin jọ lẹ́ẹ̀kan kì í kọ́ ìkankan yé.

Ẹ wo lékeléke. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá ti rinlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gba òkè Ọya lọ láti lọ pamọ. Nítorí náà ni orin tí ọmọdé fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwọn ní funfun sí èékánná fi jẹ́ orin ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá kọ́ ọmọ ní orin yẹn ní oṣù keje, tí kò sí lékeléke kan lójú sánmà, ẹnu lásán ni yóò fi kọ ọ́. Ẹ dúró di ọjọ́ tí agbo wọn bá fò kọjá lórí ilé, kí ẹ wá pariwo jáde pẹ̀lú wọn. Ẹ ò ní kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gbà á lẹ́nu ẹni tó ṣe eré náà rí

Bí ẹ bá bi àgbàlagbà pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orin wo lẹ máa ń kọ nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré?", wọ́n á ní àwọn ti gbàgbé. Wọn ò gbàgbé. Ara wọn ló rántí, kì í ṣe orí wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí wọ́n ti lé ní 80 ọdún jókòó tì mí fún odidi wákàtí kan láìrí ẹyọ orin kan rántí. Ìgbà tí ọmọ-ọmọ wọn yọ́ wá láti ẹ̀yìn tó fọwọ́ bo ojú wọn ni wọ́n pariwo, "Olórò ń bọ̀!", orin mẹ́fà ló sì tẹ̀ lé e kí oúnjẹ tó délẹ̀. Nítorí náà, ẹ má bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ ta òkòtó sílẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ọpọ́n ayò síwájú wọn.

Ẹ gbé fóònù tí ẹ fi ń gba ohùn lé orí aṣọ, ẹ má gbé e lé orí tábìlì tí gbogbo ìró ń mì. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dá wọn dúró láti bèèrè ìtumọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ fi sí ìparí: ta ló ń dá orin náà, ta sì ló ń gbè é? Kí ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣe níbi ìlà kọ̀ọ̀kan? Báwo ni eré náà ṣe ń parí? Ìkẹta yìí ni gbogbo èèyàn ń gbàgbé láti bèèrè, òun sì ni àwọn ọmọ máa kọ́kọ́ bi yín.

Bí Màmá bá fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ti rí àwọn tó ń tún un ṣe sí Yorùbá ilé ẹ̀kọ́. Ìró á fọ́, ijó á tàsé, a ò sì ní mọ ẹni tó ni orin náà mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: dò, re, mí kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà

Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Dò, re, mí ni tíṣà fi kọ́ ọ̀pọ̀ wa. Nínú orin ìbílẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin náà á gòkè. Bó bá wálẹ̀, orin á bá a wálẹ̀. Àìtẹ̀lé èyí ló sọ àwọn orin ìsìn àkọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ìjọ, nítorí wọ́n da ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin Òyìnbó láì wo ibi tí ohùn ń lọ. Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìsìn, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Ọmọdé náà mọ̀ bí orin bá ń ja ọ̀rọ̀ níyàn. Á kàn dákẹ́ ni.

Èyí ni orin ọyẹ́ tí mo ṣe, lẹ́yìn tí mo ti tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó.

Olórí: Ọyẹ́ dé o!
Ègbè: Gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n!
Olórí: Ètè mi là o!
Ègbè: Gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n!
Olórí: Ẹsẹ̀ mi funfun!
Ègbè: Gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n!
Olórí: Fòrí pa á, fòrí pa á!
Ègbè: Ó dán, ó dán, ó dán!

Ẹ kọ dò-re-mí sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. "Ọyẹ́ dé o" jẹ́ re mí mí re. "Gbọ̀n-gbọ̀n-gbọ̀n" jẹ́ dò dò dò, nísàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni tí òtútù ti gbé ohùn rẹ̀ mì. "Ètè mi là o" jẹ́ dò dò re dò re. "Fòrí pa á" jẹ́ dò mí re mí. Ibí yìí gan-an ni tèmi ti bàjẹ́: "fi òrí" tó sún kì di "fòrí", dò mí, "fi orí" di "forí", re mí. Àmì kékeré kan lórí "o" ló wà láàárín ọ̀rá tí a fi ń pa ara àti agbárí ọmọ. "Ó dán" jẹ́ mí mí, nítorí náà ègbè tó ti wà nísàlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ á sì rẹ́rìn-ín níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Kò pọn dandan kí ẹ dúró sórí ohùn mẹ́ta yìí nìkan. Ẹ lè fẹ̀ ẹ́, ẹ lè gbé e sókè sí i, bí ibi tí ohùn ń lọ kò bá ṣáà ti yí padà.

Láti ṣe é: ẹ tò wọ́n ní agbo. Níbi gbọ̀n-gbọ̀n, kí gbogbo ara máa gbọ̀n. Níbi ètè, kí wọ́n fọwọ́ kan ètè. Níbi ẹsẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Níbi "fòrí pa á", kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa pa ọwọ́ ẹni tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Mo máa ń mú ike òrí kékeré kan dání, kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀. Àwọn kan á ní ó ń rùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: eré tí òjò ò lè dá dúró

Ẹni tó bá ti gbé abẹ́ òrùlé páànù mọ̀ pé bí òjò bá le, a kì í gbọ́ ohùn ọmọdé. Eré òjò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọwọ́ ń ṣe ju ẹnu lọ.

Olórí: Òjò ṣú o! / Ègbè: Dẹ̀dẹ̀, dẹ̀dẹ̀! (kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara wọn)
Olórí: Ó ń kán bọ̀! / Ègbè: Tó-tó-tó! (ìka kan lórí àtẹ́lẹwọ́)
Olórí: Ó dé tán! / Ègbè: Wàrà-wàrà! (ọwọ́ méjèèjì lórí itan, kíákíá)
Olórí: Òjò dá o! / Ègbè: ...

Ègbè tó gbẹ̀yìn yìí, ìdákẹ́ ni. Ẹni tó bá ṣe ìró kankan jáde, tó rẹ́rìn-ín tàbí tó sún ẹsẹ̀, òun ló máa dá orin tó kàn. Olórí lè tún "wàrà-wàrà" ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kó tó sọ pé òjò dá, kí ẹnikẹ́ni má mọ ìgbà tí yóò já a. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́wàá náà á ṣe é tí ilé á fi pa lọ́lọ́.

Fún ayò, ẹ má ra ọpọ́n. Páálí ẹyin tó ń gba 30 ní ihò márùn-ún lápá kan, mẹ́fà lápá kejì. Ẹ gé ìlà méjì oníhò mẹ́fà-mẹ́fà kúrò lára rẹ̀, ihò 12 tí ẹ fẹ́ nìyẹn. Hóró 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti tọ́jú hóró àgbálùmọ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, òun ló dára jù. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń dún. Àwọn ọmọ á fi máa ka ení, èjì, ẹ̀ta láìmọ̀ pé ìṣirò ni wọ́n ń kọ́.

Àlọ́ àpamọ̀ ló rọrùn jù láti tẹ̀. Ẹ gé ìwé A4 kan sí mẹ́jọ, ẹ kọ àlọ́ sí iwájú, ẹ ya àwòrán ìdáhùn sí ẹ̀yìn. "Òkun ń hó yèè, ọ̀sà ń hó yèè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́": orógùn. Ọmọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gáàsì se oúnjẹ nílé rẹ̀, tí kò rí àmàlà tí wọ́n ń rò rí, kò lè mọ̀ ọ́n láéláé, ẹ má sì dá a lẹ́bi. Ẹ mú un wọ ilé ìdáná kí ẹ tó pa á lálọ̀ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òṣùpá, ẹ ka ọjọ́ rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ń sọ pé eré òṣùpá ti kú nítorí tẹlifíṣọ̀n. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú wa ò mọ ọjọ́ tí òṣùpá ń jáde mọ́ ni. Oṣù kan ojú ọ̀run jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀. Ní alẹ́ tí òṣùpá bá kún, yóò yọ bí oòrùn bá ṣe ń wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó máa ń pẹ́ sí i ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, tó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ ti sùn kó tó yọ. Ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú àti ọjọ́ tó kún gan-an ni kí ẹ mú: bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òṣùpá ti wà lókè. Ẹ sàmì sí wọn lórí kàlẹ́ńdà láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta. Ní oṣù keje, ìkùukùu ni ẹ máa rí. Bí iná bá sì lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀.

Àwọn tó wà ní London, tiyín yàtọ̀. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òṣùpá tó kún á sì yọ ní nǹkan bí àsìkò tí ilé ìwé ń jáde. Ní oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án á kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú. Eré òṣùpá di eré ìgbà òtútù lọ́dọ̀ yín. Ẹ wọ kóòtù.

Bojúbojú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àgbà kan jókòó, ó fọwọ́ bo ojú ọmọ kan. Olórí: "Bojúbojú o!" Ègbè: "Ee!" "Olórò ń bọ̀!" "Ee!" "Ẹ para mọ́!" "Ee!" Gbogbo wọn á sá pamọ́. "Ṣé kí n ṣí i?" Ẹni tí kò tíì rí ibi sá sí á ní kó má ì ṣí i. Bí gbogbo wọn bá ti dáhùn pé, "Ṣí i, ṣí i, ṣí i!", ọmọ náà á dìde máa wá wọn. Ẹni tó bá sáré dé ọ̀dọ̀ àgbà tó jókòó tó fọwọ́ kàn án ti bọ́. Ẹni tí wọ́n bá mú, ojú rẹ̀ ló kàn. Àwọn òbí kan kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Olórò nínú rẹ̀. Èmi ò yọ ọ́. Nígbà ọdún Orò, àwọn tí kò gbọ́dọ̀ rí i máa ń wà nínú ilé. Lójú tèmi, ìyẹn ló bí ìsápamọ́ náà. Bí ẹ bá mú Olórò kúrò, ọmọ á bi yín pé kí ni àwọn ń sá fún.

Ẹkùn mẹ́ran fẹ́ ọmọ mẹ́jọ ó kéré tán. Ewúrẹ́ kan wà nínú agbo, ẹkùn kan wà níta. Ẹkùn á máa wá ibi tí yóò já wọlé, olórí á máa ròyìn rẹ̀, pé ó torí bọgbó, pé ojú rẹ̀ ń pọ́n, àwọn tó dì agbo mú á máa dáhùn "Mẹẹ!" sí gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n di ọrùn ọwọ́ ara wọn mú, kì í ṣe ìka. Ìka máa ń yọ̀, ọmọ á sì ṣubú sẹ́yìn. Bí ẹkùn bá wọlé, kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún ewúrẹ́ láti sá jáde. Kíákíá ni kí ẹ pààrọ̀ ẹkùn. Ọmọ tó bá yí agbo ká fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò rí nǹkan mú á bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ àwọn yòókù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìwé títẹ̀

Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó wà nínú Gboard, áàpù ìtẹ̀wé ti Google, kọ ọ́ lórí fóònù. Ẹ yan fọ́ǹtì tó mọ àmì wa, bíi Noto Sans, Gentium tàbí Charis SIL. Kọ̀ǹpútà ní ẹyọ lẹ́tà fún é àti ò, ṣùgbọ́n kò ní fún ẹ́ àti ọ̀. Ńṣe ló ń gbé àmì lé lẹ́tà lórí, fọ́ǹtì tí kò bá sì mọ̀ ọ́n á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ sọ fáìlì náà di PDF kí ẹ tó gbé e lọ síta. Ìgbà kan wà tí mo gbé fáìlì Word lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Kọ̀ǹpútà tiwọn sọ gbogbo ẹ́ mi di àpótí kékeré, ẹ̀dà 40 ló sì ti jáde kí n tó wò ó.

Ojú ìwé kan, orin kan. Kí ìwọ̀n lẹ́tà tó 18, kí ìlà olórí rí fẹ́lẹ́, kí ti ègbè dúdú kirikiri, kí ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà lè rí ibi tó kàn án. Àwòrán ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ń ṣiṣẹ́ ju àlàyé lọ. Dúdú lórí funfun ti tó. Àwọn ọmọ ló máa kùn ún. Fún Ẹkùn mẹ́ran, ẹ ya ojú ẹkùn kan àti ojú ewúrẹ́ kan tí wọ́n lè gé, kí wọ́n fi okùn so mọ́ iwájú orí. Ẹ ṣọ́ra fún àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì: púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹranko onílà gbọọrọ ti ilẹ̀ Íńdíà. Ẹkùn tiwa, aláwọ̀ tótòtó ni. Ẹ sì wo àmì orí rẹ̀ dáadáa, kí ẹ má baà kọ "ẹkún" sí abẹ́ àwòrán ẹkùn.

Ẹ fi ẹ̀yìn ìwé sílẹ̀ lófìfo. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti kọ orin náà lẹ́ẹ̀mẹta láìwo ìwé ni kí ẹ ní kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n sì kọ tiwọn síbẹ̀. Ọmọ kan fi ìlà kan kún eré òjò mi, lẹ́yìn ìdákẹ́ yẹn: "Iná dé o!", gbogbo kíláàsì á sì pariwo "Ééé!" Ó ti wà nínú ẹ̀dà tí mo ń tẹ̀ báyìí.